Fọ́ọ̀jì tí a sè nílé wa ní Jos nínú ọyẹ́

  Níbí ní Jos, ọyẹ́ ọdún yìí kò ṣeré rárá. Omi inú garawa lówùúrọ̀ dà bí ẹni pé wọ́n kó yìnyín sí i. Ẹni tó bá wẹ̀ kí oòrùn tó yọ, akọni ni.

Ọ̀rọ̀ nǹkan dídùn la mú wá lónìí. Àwọn kan tó yà kí wa lásìkò ọdún béèrè pé kí ni nǹkan dúdú onígun mẹ́rin tó wà nínú tíréè lórí tábìlì wa, ṣé ọṣẹ dúdú ni àbí mọ́ín-mọ́ín tó jóná. Kì í ṣe ọṣẹ o. Fọ́ọ̀jì ni wọ́n ń pè é. Ṣokoléètì àwọn ará Amẹ́ríkà ni, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà wọn máa ń sè nínú ilé láyé àtijọ́. A fẹ́ sọ bí a ṣe sè é àti bó ṣe kọ́kọ́ dójú tì wá, kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò má baà fi ṣúgà ṣòfò bíi tiwa. Ẹ sáà mọ iye tí ṣúgà jẹ́ báyìí.

Ọmọ wa obìnrin tó ń gbé ní Maryland ló dá a sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó fi páálí kékeré kan rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Ìyá àwọn ọmọ ló jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn nǹkan òyìnbó, àmọ́ èyí bá a lára mu. Ó ní ó mú òun rántí oko bàbá òun. Ọmọ Ìdànrè ni, oko kòkó ni bàbá rẹ̀ dá, ó sì máa ń sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń la èso rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lá omi funfun dídùn tó wà lára hóró rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà kó lè kan dáadáa, kí wọ́n tó sá a sóòrùn lórí ẹní. Tó bá ti gbẹ, ó di ti oníkòkó tó ń gbé òṣùwọ̀n kiri nìyẹn. Àwọn ọmọdé tó ń sá a ò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe lókè òkun. Cocoa House ti wà ní Ìbàdàn láti 1965, síbẹ̀ ọmọ tó ń sá kòkó ní Ìdànrè ò fi ẹnu kan ṣokoléètì rí títí tó fi di ìyàwó ilé ní Jos.

Àwọn tó ti mọ̀ wá tipẹ́ mọ̀ pé kí a tó ní ṣọ́ọ̀bù prófíṣọ̀n yìí, baba dúdú ló bọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ni, baba dúdú, suwíìtì dúdú tí wọ́n ń fi oje àgbọn àti ṣúgà sè, tí gbogbo wa jẹ nígbà tí a wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ni ìyá àwọn ọmọ máa ń sè é, yóò yí i róbótó-róbótó, nígbà tó bá di àárọ̀ yóò gbé e lọ sí ẹnu géètì iléèwé. Ọmọ Berom, ọmọ Háúsá, ọmọ Íbò, gbogbo wọn ló ń pè é ní Mama Dudu. Owó iléèwé àkọ́bí wa, inú igbá yẹn ló ti jáde.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣubú. Rọpárọsẹ̀ ni. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dìde, ó ń rìn, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì padà sí bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì máa ń falẹ̀. Yóò mú ọ̀rọ̀ kan, yóò máa wá èyí tó kàn, kò ní tètè rí i. Àwa náà wá di ẹni tó ń bá a parí ọ̀rọ̀. Kó tó sọ pé "ẹ gbé," a ti gbé nǹkan dé. A rò pé ìtọ́jú là ń ṣe.

Nígbà tí ọdún Kérésì ń sún mọ́lé, ó nawọ́ sí fóònù, ó ní kí a sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun fẹ́ "dúdú yẹn." Ọmọ wa ní kò sí ẹni tó ń bọ̀ wálé lọ́dún yìí, òun alára ò lè wá, àmọ́ nǹkan náà ò le, kí a sè é nílé. Ó kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ránṣẹ́. Ó tilẹ̀ fi ìtàn kún un. Ó ní obìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Vassar ní ìpínlẹ̀ New York, Emelyn Hartridge lorúkọ rẹ̀. Obìnrin yìí ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ní 1886, mọ̀lẹ́bí ọmọ iléèwé òun kan ń sè é ní Baltimore, níbi tí kò jìnnà sí ibi tí ọmọ wa ń gbé, wọ́n sì ń tà á ní 40 sẹ́ǹtì fún páùn kan. Ó gba ìlànà rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, nígbà tó sì di 1888 ó se 30 páùn fún títà nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Láti ìgbà náà ló ti ràn láàrin àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n á máa sè é lóru nígbà tó yẹ kí wọ́n ti sùn. Nínú gbogbo ìtàn yìí, àwa oníṣòwò, 40 sẹ́ǹtì nìkan la gbọ́.

Ohun tó ń wọ inú rẹ̀ kò pọ̀. Ṣúgà 600 gíráàmù, kòkó lílọ̀ 60 gíráàmù, mílíìkì olómi 350 mílílítà, bọ́tà 60 gíráàmù, iyọ̀ ìka méjì, fàńílà ṣíbí tíì kan. Mílíìkì inú agolo tí a bu omi là ló wà lọ́dọ̀ tiwa, ó sì ṣe é. Gbogbo rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù wa àfi kòkó. A wá sọ láàrin ara wa pé kí ló dé, ṣé kì í ṣe kòkó náà ni èyí tí à ń pò mu lówùúrọ̀? A ja agolo kan.

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Kòkó mímu yẹn, ṣúgà àti máàtì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ó jóná, èyí tí kò sì jóná kò dì. Lọ́jọ́ kejì ó ṣì ń ṣàn. Àwọn ọmọ fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ìyá wọn wò ó, ó gbé ojú kúrò.

Lẹ́ẹ̀kejì, a lọ ra kòkó gidi, èyí tí kò ní ṣúgà kankan, tó korò bí ewúro, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà kéèkì. A sì ní tẹmómítà tí wọ́n fi ń wo ooru ṣúgà. Ọmọ wa ti fi ránṣẹ́ nígbà kan rí, a ò mọ ohun tí a máa fi ṣe, inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Ìwé tó kọ sọ pé kí nǹkan náà dé 114 lórí tẹmómítà, kí a tó sọ̀ ọ́. Ọmọ wa ọkùnrin, àbíkẹ́yìn, ló dúró tì í bíi sójà. Àga ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Nígbà tó ń hó dáadáa, ìyá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Omi."

A bu omi mímu fún un. Kò gbà á. Ó ní, "Omi… tútù." A sáré lọ sí fíríìjì, a bu èyí tó tutù wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ọyẹ́ yìí a ò mọ ẹni tó ń mu omi fíríìjì. Ó fi ọwọ́ ti ife náà, omi dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ le. A ní ó ti rẹ̀ ẹ́, ooru ilé ìdáná ti pọ̀ jù fún un. A mú un lọ sí yàrá kó lọ sinmi. Kò bá wa jà. Ó tẹ̀ lé wa, ó jókòó sórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri.

Tẹmómítà dé 114, a sọ̀ ọ́, a ṣe gbogbo ohun tí ìwé wí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, ó gan mọ́ ọmọrogùn, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ bíi gààrí Ìjẹ̀bú. Ó dùn, àmọ́ ó gbẹ, ó ń run lẹ́nu. A pe Maryland. Ọmọ wa ní bóyá a ò ka nọ́ńbà dáadáa. Àbúrò rẹ̀ bínú, ó ní òun ò fọ́jú.

Òun náà ló wá tú u. Ó gbé omi lásán ka iná, ó jẹ́ kó hó yaya, ó ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. 96 ló kà. Kò lọ sókè jù bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Gbogbo wa tí a jókòó sí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì mọ̀ pé 100 ni wọ́n kọ́ wa pé omi ń hó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, fún àwọn ará Èkó tó wà létí òkun. Jos yìí ga tó bí 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ kò tẹ omi mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, omi á tètè hó. Bí omi bá fi 4 dín, ṣúgà náà fi 4 dín. 114 ti àwọn ará etíkun, 110 ni lọ́dọ̀ wa. A ti se é kọjá. Ẹ̀yin ará Jos, Bukuru àti gbogbo orí òkè yìí, ẹ fi í sọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Port Harcourt, 114 yín dúró.

Ọgbọ́n dé lóòótọ́. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí a jókòó tí à ń fi gààrí dúdú yẹn ṣe ìpápánu, ọ̀rọ̀ yí padà. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ láàrin wa? A ò rántí. Ẹnì kan ṣáà sọ pé: ṣé ẹ rántí abọ́ tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná nígbà baba dúdú?

Gbogbo wa dákẹ́. Abọ́ tánńganran funfun kan ni, tí etí rẹ̀ ti ṣí. Omi tútù ló máa ń wà nínú rẹ̀. Yóò kán ṣúgà tó ń hó sínú omi yẹn, yóò tẹ̀ ẹ́ wò, yóò mọ ibi tó dé. Ọdún mọ́kànlá ló fi ta baba dúdú, kò mọ ohun tó ń jẹ́ tẹmómítà. Omi tútù. Obìnrin yìí ń sọ fún wa ohun tí a máa ṣe, a fún un lómi mu, a sì mú un lọ sùn.

A wọ yàrá lọ. Àwa àgbà bẹ̀bẹ̀, àwọn ọmọ kúnlẹ̀. Kò tètè dáhùn. Ó wò wá yípo, ó wá ní, "Ẹ… kì í… gbọ́." Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Kò sí ẹni tó bá a parí rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé la tún un ṣe. A gbé àga rẹ̀ wọ inú ilé ìdáná gan-an, a gbé abọ́ omi tútù síwájú rẹ̀ kí a tó dáná rárá. Báyìí la ṣe sè é. A po ṣúgà, kòkó àti iyọ̀ pọ̀ ní gbígbẹ, kí kòkó má baà ní kókó. A da mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, a gbé e ka iná kékeré, à ń rò ó títí ṣúgà fi yọ́ pátápátá. Tí ẹ bá fi ọmọrogùn ha ìdí ìkòkò tí ẹ ṣì ń gbọ́ ohun tó ń dún bíi yanrìn, kò tíì yọ́ nìyẹn, ẹ má kánjú. Nígbà tó hó, a yọ ọmọrogùn. A dé e ní ìdérí fún bí ìṣẹ́jú méjì, kí oruku rẹ̀ lè fọ hóró ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò. Hóró yẹn ni ọ̀tá. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá já bọ́ sínú rẹ̀ lẹ́yìn náà lè pe àwọn yòókù jọ, kí gbogbo ìkòkò padà di ṣúgà oníyanrìn. Ẹlòmíì máa ń kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i nítorí èyí. Kí ìkòkò yín nípọn, kó sì fi ìlọ́po mẹ́ta tóbi ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ, torí mílíìkì tó ń hó máa ń gòkè bí ẹni tí inú ń bí.

Ó tó ìdajì wákàtí lórí iná. Nígbà tó yá, ọmọ wa fi ṣíbí kán an sínú abọ́. Ó tú ká, ó sọ omi di dúdú. Ìyá mi orí. A pa omi dà. Ó tún kán an, ó fà bí okùn. Ìyá mi orí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti ọwọ́ òsì bọ omi, ó kó o jọ, ó ṣe róbótó lábẹ́ omi, bó ṣe gbé e jáde ni róbótó náà rọ̀, tó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ìka rẹ̀. Ó ní, "Sọ̀ ọ́."

Àbíkẹ́yìn wo tẹmómítà. 110 géérégé. Ó gbé tẹmómítà náà padà sínú dúrọ́ọ̀.

Ibi tó le jù lọ nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti orí iná. Lẹ́yìn tí a sọ̀ ọ́, a ju bọ́tà àti fàńílà lé e lórí, a sì fi í sílẹ̀. A ò rò ó. Ẹni tó bá rò ó nígbà tó ṣì gbóná, hóró ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í sè, wọ́n á tóbi, á sì run lẹ́nu. Àfi kó tutù títí tí ẹ máa lè fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìdí ìkòkò tí kò ní jó yín. Nínú ọyẹ́ Jos, kò tó wákàtí kan. Lójú ọmọdé, ọdún kan ni. Bọ́tà ń yọ́ lórí rẹ̀, ó ń dán, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Àbíkẹ́yìn wa, pẹ̀lú gbogbo sáyẹ́ǹsì rẹ̀, na ọmọrogùn sí i pé kí òun kàn fi yí bọ́tà yẹn lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. Pà! Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbá a.

Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo ìyá rẹ̀. Gbogbo wa rí i. Òun alára wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọwọ́ àlejò ni. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Ọmọ wa tó wà lórí fóònù láti Maryland ń pariwo pé, "Kí ló dún yẹn?" kò sì rí ẹni dá a lóhùn.

Nígbà tó tutù tó, a bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Iṣẹ́ ọkùnrin nibí o, ó le ju àmàlà lọ. À ń gbà á fún ara wa ní ìṣẹ́jú mélòó kan mélòó kan. Ó ń nípọn, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ìyá ní kí a gbé e wá. A gbé ìkòkò sórí àpótí níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọrogùn mú, òsì lórí ọ̀tún, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní ó wúwo, ó dá a padà fún wa. Àmọ́ kò gbé ojú kúrò níbẹ̀. Bó ṣe rí i pé dídán ojú rẹ̀ ń pa, ó ní, "Ó ti kú. Dà á, dà á!"

Kíá ni o. Tí ẹ bá ní kí ẹ kọ́kọ́ wá tíréè, inú ìkòkò ló máa gan sí. Kí tíréè tí a ti fi bọ́tà pa wà nílẹ̀. Tó bá sì gan, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ gbé e padà sórí iná, kó yọ́, kó tún hó dé ibi tó yẹ, kì í ṣe ohun tí à ń dà nù. Gààrí dúdú ti ọjọ́ kejì yẹn, bí a ṣe tún un ṣe nìyẹn nígbà tó yá, ó sì gbọ́ràn.

Ó dì. Ó dì dáadáa, ọ̀bẹ wọ inú rẹ̀ bíi ọṣẹ, ó sì yọ́ lẹ́nu láìsí yanrìn kankan. Ẹ̀rù ń bà wá nítorí ara rẹ̀, torí náà ẹyọ kan péré tí kò tó ìka la gé fún un. Ó jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó di ojú. A ò béèrè bóyá Ìdànrè ló wà.

A gé ìyókù sí mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ, a tò ó sórí ìwé. Ó ń fi ìka ọ̀tún kà á, díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì. Àwa náà dúró. A ti ń kọ́ bí a ṣe ń dúró. Nígbà tó kà á tán, ó gbé orí sókè sí wa, ó ní:

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Èló… èló lẹ fẹ́ máa ta ọ̀kan?"